Ìṣẹ́jú Kan fún Àna Mi

Mi ò ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ sọ ara mi di ẹni rere níbí. Bí mo bá gbé omi kaná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ṣí ìdérí wò ó kó tó hó. Bí àlùfáà bá ti sọ pé "ní ìparí" lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi lábẹ́ àga. Ìyàwó mi a máa sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, èmi ni mo ń kánjú, kì í ṣe agbẹ̀bí. Nítorí náà, nígbà tí àwa tí a ń gbá sínúkà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà dá líìgì sílẹ̀, tí a sì ń wá akọ̀wé tí yóò máa mójú tó àsìkò, kò sẹ́ni tó wo ẹlòmíràn. Èmi ni gbogbo wọn yíjú sí.

Sínúkà tí mo ń wí ni ti tábìlì kékeré aláṣọ àwọ̀ ewé, oníhò mẹ́fà, tó wà lábẹ́ àtíbàbà ní oríta gbogbo nílùú wa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ ní púùlù lorúkọ rẹ̀, pé sínúkà gan-an yàtọ̀. A ti gbọ́. Sínúkà náà la ń pè é. Ẹnì kan á mú bọ́ọ̀lù abílà, ẹnì kejì á mú aláwọ̀ kan. Ẹni tó bá gbá tirẹ̀ wọ ihò tán ló máa dojú kọ bọ́ọ̀lù dúdú, ẹni tó bá sì gbá dúdú wọlé ló jẹ. Ẹgbẹ́ mẹ́fà la jẹ́, mẹ́ta ní Ìkàrẹ́, mẹ́ta ní Ọ̀kà. Ọ̀sán Sátidé la fi ń pàdé, aago mẹ́rin, eré márùn-ún sì ni ẹgbẹ́ méjì máa ń bá ara wọn ṣe.

Eré márùn-ún kò pọ̀ lójú ẹni tí kò tíì rí bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin kan á yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹrin. Á bẹ̀rẹ̀, á di ojú kan, á dìde, á fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹnu ọ̀pá, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dúró tì í á máa gbà á nímọ̀ràn, òun náà á máa dá wọn lóhùn, kí ẹ tó mọ̀ wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Bọ́ọ̀lù funfun á wà níbi tó wà. Èmi á jókòó níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi á máa ru.

Láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà kò jìnnà, ṣùgbọ́n àárín òkè àti àpáta lọ̀nà náà gbà, ẹni tó bá sì mọ bí ayé ṣe rí báyìí kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ òun lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, eré kẹrin nìkan gba wákàtí kan ó lé. Nígbà tí a fi máa gbójú sókè, oòrùn ti wọ̀, kò sì sí awakọ̀ tó gbà láti gbé àwọn ará Ọ̀kà padà. Ọkùnrin mẹ́fà ló sùn sí pálọ̀ mi. Wọ́n jẹ iṣu tí ìyàwó mi tọ́jú de àlejò ọjọ́ Àìkú. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán ló bi mí pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni akọ̀wé àsìkò ni?"

Ọjọ́ Ajé ni mo kọ òfin. Aago mẹ́fà, eré ti parí: ẹgbẹ́ tó bá ń léwájú nígbà náà ló jẹ, kí àlejò wọ mọ́tò. Ìṣẹ́jú kan ni ẹnikẹ́ni ní láti gbá bọ́ọ̀lù kan. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú kan nígbà àkọ́kọ́, ìkìlọ̀. Nígbà kejì, ọ̀pá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń bá a ṣeré á sì gbé bọ́ọ̀lù funfun síbi tó bá wù ú. Gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fọwọ́ sí i. Fóònù mi ni aago wa, ẹnu mi sì ni agogo.

Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, màá máa wo fóònù, bó bá ti di ọgọ́ta, màá ké e pé, "Àsìkò ti pé!" Àwọn gẹ̀ńdé á máa bú mi. Ọ̀gá ẹgbẹ́ kan ní Ìkàrẹ́, jórinjórin kan tí apá rẹ̀ tóbi, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju irin tó ń jó lọ, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Akọ̀wé, tí Ọlọ́run bá fi yín ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run, kò sẹ́ni tó máa wọlé nínú wa." Mo ní kó gbá bọ́ọ̀lù, ó ku ogún sẹ́kọ́ǹdì. Láàárín oṣù kan, aago márùn-ún ààbọ̀ ni a ti ń parí. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá oòrùn dúró.

Ìgbà náà ni àna mi wọ líìgì, èmi tìkára mi ni mo sì mú un wá.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá ìyàwó mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ará Ọ̀kà ni, ṣùgbọ́n ìjọba ti gbé e yí gbogbo Àkókó ká: ó kọ́ni ní Epinmi, ó kọ́ni ní Afin, ó kọ́ni ní Ìkàrẹ́. Kò sí ìlú tí ẹ máa bá a yà sí tí ọkùnrin onírun funfun kan kò ní ṣí fìlà, kó ní, "Tíṣà, ẹ káàsán, sà." Òun náà kì í gbàgbé ẹnikẹ́ni. Ó mọ ẹni tó ń sá lọ pẹja nígbà ìṣirò, ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ibi tí ó jókòó sí nínú kíláàsì.

Nígbà tí ìyá ìyàwó mi kú, bàbá yìí jókòó. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Kò ṣàìsàn, kò sunkún lójú wa, ó kàn jókòó sínú ilé, ó sì ti fèrèsé. Ìyàwó mi máa ń pè é láàárọ̀ àti lálẹ́. Á ní, "Mo wà." Ó tán. Ìyàwó mi á gbé fóònù sílẹ̀, á sì máa ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí n má baà rí ojú rẹ̀.

Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀kà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí a tètè ṣíwọ́, mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì fi ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ fà á jáde lọ sí oríta, níbi tí wọ́n ti ń gbá sínúkà. Mo rò pé á kàn jókòó wòran ni. Ó wo àwọn ọmọ náà títí, ó wá ní kí wọ́n gbé ọ̀pá wá. Àṣé nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́, nílùú òkèèrè tó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tábìlì kan wà ní ilé fàájì wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé tẹ̀ léra. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù kí n tó délé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti wà nínú ẹgbẹ́ kan ní Ọ̀kà.

Wàhálà dé. Àna mi á ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá á ti wà láàárín ìka rẹ̀, bọ́ọ̀lù á ti dojú kọ ihò. Ẹnì kan á wọlé. "Ẹ kú eré o, Tíṣà." Bàbá á dìde. Á na ẹ̀yìn, á gbé ọ̀pá sọ́wọ́ òsì, á yíjú sí onítọ̀hún pátápátá, á sì fi ohùn Ọ̀kà bi í pé:

"Òo, káàbọ̀ o. Ulé ńkọ́? Bàbá rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́? Ọmọ rẹ tó lọ sí Àkúrẹ́, ṣé ó ti rí uṣẹ́?"

Onítọ̀hún á sì dáhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá parí, Bàbá á tún bẹ̀rẹ̀, á tún wọn bọ́ọ̀lù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á wọlé.

Èmi rèé, fóònù lọ́wọ́ mi, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ. Báwo lènìyàn ṣe ń ké "Àsìkò ti pé" mọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀? Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ ọmọ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ títí igbá àyà mi fi dùn mí. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń ṣí fìlà, bẹ́ẹ̀ kò rí mi. Ikọ́ ni mo wá ń wú. Bó bá di ìṣẹ́jú kan, màá wúkọ́. Bó bá di méjì, màá tún un wú. Àna mi á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ ọmọ mi. Ẹ wá omi fún un."

Jórinjórin ni kò jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Nípàdé ọ̀gá ẹgbẹ́, ó dìde, ó ní, "Akọ̀wé, èmi gan-an ẹ ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹfà. Òfin tí kò lè mú àna ẹni, òfin kọ́ nìyẹn, ìpàdé mọ̀lẹ́bí ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Nítorí pé ojú tì mí, mo mú ìwé ẹ̀kọ́ kan tí ọmọ mi ti lò dé ìdajì, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí àna mi bá ń ṣe nídìí tábìlì sílẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹnì kan wọlé, ìgbà tó padà sídìí bọ́ọ̀lù. Sátidé méjì ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo jókòó tì í lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ẹnu yà mí. Èmi ti gbà pé arúgbó ló ń lọ́ra, pé ojú rẹ̀ ni tàbí ọwọ́ rẹ̀. Irọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọlé, àna mi kì í lò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ó yára ju jórinjórin lọ. Gbogbo ìyókù, ìkíni ni.

Ó ṣeni láàánú pé kì í ṣe èmi nìkan ló ṣàkíyèsí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Bàbá wá sí Ìkàrẹ́ láti bá ẹgbẹ́ jórinjórin gbá a, nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ohun mímu tútù. Ìkàrẹ́ fi méjì jẹ Ọ̀kà sí ẹyọ kan, aago márùn-ún sì ti kọjá nígbà tó kan Bàbá. Ọkùnrin kan wọlé: "Ẹ kú eré, sà." Bàbá dá a lóhùn. Òmíràn wọlé. Bàbá dá a lóhùn. Òmíràn. Nígbà tó di ẹnì kẹfà ni mo tó rí i pé wọ́n tò sẹ́yìn ògiri, wọ́n ń dúró de ẹni tó wà nínú kó jáde. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, ó yá fìlà dé, ó tún gba iwájú wọlé. Jórinjórin dúró sígun, ó ń wo òrùlé bí ẹni tó ń ka pákó.

Bàbá wo onífìlà náà, ó ní, "Fìlà yẹn yẹ ọ́. O dára báyìí ju ìgbà tí o kọ́kọ́ wọlé lọ. Ulé ńkọ́ láti ìgbà náà?"

Ó mọ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì ń dá wọn lóhùn bákan náà. Aago mẹ́fà lù nígbà tí bọ́ọ̀lù mẹ́rin ṣì wà lórí tábìlì. Ìkàrẹ́ jẹ. Àwọn ará Ọ̀kà gbé ìbínú wọ mọ́tò, ọ̀gá wọn sì sọ fún mi láti ojú fèrèsé pé bó bá jẹ́ pé bí líìgì ṣe máa rí nìyí, kí a má retí àwọn mọ́.

Ara mi gbóná. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ òfin tuntun, mo sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹgbẹ́: láti ìgbà tí wọ́n bá ti tú bọ́ọ̀lù ká, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí ẹni tó wà nídìí tábìlì, ẹni tó wà nídìí tábìlì kò sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Bó bá dáhùn, àsìkò rẹ̀ ń lọ. Òfin kan náà fún gbogbo ènìyàn, kódà àna akọ̀wé. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ gbà, jórinjórin pàápàá gbà. Àna mi náà fèsì. Ó kọ ọ́ pé, "Ó dára."

Ìyàwó mi ka òfin náà lórí fóònù mi nígbà tí mo ń wẹ̀. Mi ò tíì nu ara tán tó fi dúró síwájú mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má kí bàbá mi?"

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní nítorí àsìkò ni, nítorí ọ̀nà, nítorí ìdájọ́ òdodo. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, etí ara mi ni mo fi ń gbọ́ bó ṣe rí. Àbí níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Àkókó? Ó kúrò níwájú mi ni.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá kò wá. Ó ní ara òun kò yá. Ní ọjọ́ Ajé mo kúrò ní ọ́fíìsì lọ bá a. Ó wà lórí àga rẹ̀, fèrèsé wà ní títì, gbogbo inú ilé náà sì ń rùn bí ibi tí wọn kì í ṣí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó sì gbọ́wọ́ sókè.

"Mi ò bínú. Òfin rẹ dára. Àwọn tó ń rin ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ délé kí ulẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n gbọ́. Láti ọjọ́ tí ìyá yín ti lọ, bí ulẹ̀ bá mọ́, ohùn àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ni ti ọmọ mi lórí fóònù. Ohùn kejì ni ti ọmọ mi náà lálẹ́. Ní Sátidé nìkan ni mo ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Bí mo bá délé, mo máa ń ka àwọn tó kí mi kí n tó sùn. Nígbà mìíràn wọ́n á tó ogójì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ń ka onífìlà yẹn sí ẹni méjì."

Èmi tí mo ń fi ìwé ka ìṣẹ́jú rẹ̀, òun ń ka ènìyàn. Mo ní màá fagi lé òfin náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

"Má fọwọ́ kàn án. Mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún púpọ̀. Òfin tí ọ̀gá bá yí nítorí bàbá ara rẹ̀, ọmọ kankan kò ní pa á mọ́ mọ́. Màá wá sí ìdíje tó kẹ́yìn abala àkọ́kọ́ líìgì yìí. Màá wò ó bóyá mo lè dúró kí ẹni tí mo kọ́ ní ABD kí mi, kí n sì pa ẹnu mọ́. Bí mi ò bá lè ṣe é, màá máa jókòó sílé mi."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Bó bá jókòó sílé lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó tún máa fà á jáde. Mo mọ̀ ọ́n, ìyàwó mi náà sì mọ̀ ọ́n.

Ìkàrẹ́ náà la ti gbá ìdíje ọ̀hún, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń ta ohun mímu tútù yẹn. Ẹgbẹ́ jórinjórin ló tún kan ẹgbẹ́ Bàbá, ẹni tó bá sì jẹ ló máa wà lókè nígbà tí abala àkọ́kọ́ bá parí. Wọ́n gbá eré mẹ́rin, ó di méjì sí méjì. Bàbá àti jórinjórin fúnra rẹ̀ ló kù. Ṣọ́ọ̀bù kún, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn tó ń wọlé kàn ń tẹrí ba ni. Mo rí Bàbá tó ń wò wọ́n láti abẹ́ ojú, ètè rẹ̀ á ṣí díẹ̀, á tún pa dé. Nígbà kan, bàbá oníkẹ̀kẹ́ kan gbàgbé, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú..." wọ́n sì bò ó lẹ́nu. Bàbá dìde lórí bọ́ọ̀lù, kò mọ ibi tó máa kojú sí, ìṣẹ́jú kan sì kọjá. Mo ń wá ikọ́ tí màá wú, òun ló gbọ́wọ́ sókè fúnra rẹ̀: "Ìkìlọ̀ kan. Kọ ọ́ sílẹ̀." Mo kọ ọ́.

Ó gbá a dáadáa. Kí n má tàn yín, mi ò tíì rí i kó gbá a bẹ́ẹ̀ rí. Ó kó gbogbo abílà rẹ̀ tán. Ti jórinjórin náà tán. Ó wá ku dúdú nìkan, ó wà lẹ́nu ihò igun, bọ́ọ̀lù funfun sì wà níwájú rẹ̀ gbọọrọ. Ọmọ mi tó wà ní kíláàsì kẹrin lè gbá a wọlé. Mo tẹ fóònù. Bàbá bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wọlé. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, báàgì ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òùngbẹ ló gbé e wá. Kò mọ̀ pé a ń ṣe nǹkan kan. Ó rí ojú Bàbá, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀.

"Tíṣà. Èmi ni, sà, ti Epinmi. Mo gbọ́ nípa Màmá, ibi tí mo wà jìnnà, n kò lè wá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà. Àwọn ni wọ́n ń fún wa ní ẹ̀wà lọ́jọ́ tí a kò bá jẹun wá sílé ìwé."

Kò sẹ́ni tó bò ó lẹ́nu. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì jẹ́jẹ́. Ó lọ bá a, ó dì í lápá gbé dìde, ó pè é ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì bi í léèrè ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀. Omi ń dà lójú obìnrin náà. Ti Bàbá náà ń dà, lójú gbogbo wa, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Àsìkò ń lọ lórí fóònù mi. Ó di ọgọ́ta. Ó di àádọ́rùn-ún.

Jórinjórin sún mọ́ mi. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Akọ̀wé, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò rí nǹkan kan."

Ṣùgbọ́n Bàbá ti nu ojú, ó ti padà sídìí tábìlì. Kò mú ọ̀pá. Ó ń wò mí.

"Ṣé àsìkò kò tíì pé ni?"

Mo ní, "Bàbá..."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

Mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò ó, ara mi ló ṣe é. Mo nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, fóònù lọ́wọ́ mi, mo sì sọ ọ́ sínú eruku pé, "Àsìkò ti pé, sà."

"O ṣeun," ni àna mi wí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù funfun, ó sì gbé e fún jórinjórin. Jórinjórin gbé e sílẹ̀, ó gbá dúdú wọlé, kò sì sí ẹni tó pariwo. Ìkàrẹ́ ìlú mi ló jẹ, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Bàbá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ mọ́tò ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì sọ nǹkan kan fún mi nípa Sátidé mìíràn.

A sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí abala kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi pè é láàárọ̀, ó ní, "Mo wà." Ó pè é lálẹ́, "Mo wà." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo ń bínú sí ara mi, mo ń bínú sí aago, mo tilẹ̀ bínú sí obìnrin ará Epinmi tí kò ṣẹ̀ mí.

Sátidé tí a máa bẹ̀rẹ̀, Ìkàrẹ́ ló tún kàn. Mi ò dúró kó pinnu. Aago méjì ni mo ti gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà láti lọ mú un. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo pe fóònù rẹ̀, ó dún nínú ilé. Ará ilé kejì ní òun rí i tó jáde láàárọ̀ nínú bùbá funfun, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò rí i. Mo lọ sí ibojì ìyá ìyàwó mi. Ẹnì kan ti ro ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo lọ sí oríta, tábìlì wà níbẹ̀ lófìfo. Mi ò mọ bí màá ṣe pe ìyàwó mi. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi padà, torí èmi ni mo ní aago lọ́wọ́, àwọn ènìyàn ń retí mi. A kó sẹ́yìn tírélà tó ń fà gun òkè, kò sì sí ibi tí a lè gbà yà á.

Mo rí èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù láti òkèèrè. Wọ́n tò sójú títì. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, mo sì bọ́ sílẹ̀ kí ọlọ́kadà tó dúró.

Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níta, lábẹ́ àtíbàbà. Àna mi jókòó sórí rẹ̀ nínú bùbá funfun. Jórinjórin jókòó tì í, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, wọ́n sì kúnlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn arúgbó Ìkàrẹ́ kan tí mi ò rí nídìí sínúkà rí wà níbẹ̀, onírun funfun lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù sọ fún mi pé láti aago méjìlá ni Bàbá ti dé. Ó ní kí òun gbé bẹ́ǹṣì síta, kí òun sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé Tíṣà wà níbí títí di aago mẹ́rin, kí ẹni tó bá fẹ́ kí i tètè yà, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, eré ni.

Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó gbọn bùbá rẹ̀, ó sì gba ọ̀pá lọ́wọ́ jórinjórin. Ìgbà náà ló rí mi níbi tí mo dúró sí, eruku lójú, tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Káàbọ̀, ọkọ ọmọ mi," ni ó wí. "A ti kí ara wa tán. Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìwọ là ń dúró dè."